Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń tan fireworks lẹ́yìnkùlé (ẹ dákun, ó ti sú mi)

July 4, ọjọ́ òmìnira Amẹ́ríkà, ti ń sún mọ́lé, àwọn ará wa ní Houston níbí ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá bá wa tan fireworks, Daddy fẹ́ pé àádọ́rin ọdún." Màá lọ o, torí mo fẹ́ràn nǹkan yẹn dénú, wọ́n sì máa ń tọ́jú ẹran ńlá dè mí. Ṣùgbọ́n tí n bá ti dé ẹ̀yìnkùlé, inú mi á kọ́kọ́ bàjẹ́ ná. Ẹni tó na 600 dọ́là lórí fireworks, kò sí bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan ṣoṣo nílẹ̀, họ́ọ̀sì wà nínú gáréèjì lábẹ́ kẹ̀kẹ́ ọmọ, ẹni tó fẹ́ ṣáná sí i sì wọ sílípáàsì. Gbogbo owó ti gba ojú sánmà lọ, kò sí kọ́bọ̀ tó dúró sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ gan-an ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Mi ò ní bẹ̀rẹ̀ láti A B D o. Ẹ mọ̀ pé ọtí àti iná kì í ṣọ̀rẹ́, ẹ mọ̀ pé ọmọdé ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, ẹ mọ̀ pé wọn kì í jù ú mọ́ èèyàn. Ẹni tí ò bá mọ ìyẹn, kó jókòó sílé kó máa wo ti ìjọba lórí tẹlifíṣọ̀n.

1. Ríra nǹkan láìbéèrè bóyá òfin gbà yín láyè. Inú ìlú Houston fúnra ẹ̀, kò sáyè, owó ìtanràn ẹ̀ sì lè dé 2,000 dọ́là. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Harris County tàbí Fort Bend, tí ilé yín ò sí lábẹ́ ìlú kankan, ẹ láyè, ṣùgbọ́n ẹ lọ ka ìwé HOA yín, ìyẹn ẹgbẹ́ onílé tó ń ṣòfin àdúgbò. Ẹ̀yin ará ṣọ́ọ̀ṣì náà, tẹ́ ẹ fẹ́ tan án ní crossover night níbi tẹ́ ẹ máa ń páàkì ọkọ̀ sí: òfin Texas sọ pé ẹ ò gbọ́dọ̀ tan án láàárín 600 ẹsẹ̀ bàtà sí ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ìwòsàn tàbí ilé ìwé, àfi táwọn tó ni ibẹ̀ bá kọ̀wé pé àwọn gbà. Kí pásítọ̀ kàn mi orí ò tó, ẹ gba ìwé. Tí ṣọ́ọ̀ṣì yín bá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé, ẹ gba tilé ìwé náà.

2. Páálí ńlá tí wọ́n ń pè ní family pack. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé rà á. Tẹ́ ẹ bá tú u, èéfín ni púpọ̀ nínú ẹ̀, ejò dúdú tó ń wú jáde, báńgà wẹ́wẹ́, spákúlà (wáyà tí wọ́n ń mú lọ́wọ́ tó ń ta ẹ̀ṣẹ́ná), gbogbo ẹ̀ á ti tán kí MC tó kí àwọn ìyá ọlọ́jọ́ ìbí tán. "Ra ọ̀kan gba márùn-ún lọ́fẹ̀ẹ́" tí wọ́n kọ gàdàgbà sára tẹ́ǹtì tí wọ́n ti ń tà á ńkọ́, ta ló ń fi ọjà ẹ̀ tọrẹ? Wọ́n ti ka owó gbogbo ẹ̀ mọ́ ẹyọ kan yẹn. Ẹ ra kéèkì tó dáa mẹ́ta mẹ́rin (kì í ṣe ti jíjẹ o, páálí tí wọ́n to túùbù púpọ̀ sí nínú, tó ń yìn tẹ̀ léra tẹ́ ẹ bá ṣáná sí i lẹ́ẹ̀kan), àwọn tí wọ́n kọ 500 gram sí lára, torí ibẹ̀ ni òfin parí sí fún àwa tí ò níwèé àṣẹ, kẹ́ ẹ fi owó tó kù ra nǹkan tí màá sọ níwájú.

3. Sílípáàsì. Mo ti sọ ọ́ lókè, mò ń tún un sọ.

4. Aṣọ. Ẹni tó máa ṣáná ò gbọ́dọ̀ wọ agbádá, kò gbọ́dọ̀ wọ léèsì, kò gbọ́dọ̀ wọ aṣọ ọ̀rá kankan, torí aṣọ ọ̀rá kì í jó kó tán, ṣe ló máa ń yọ́ mọ́ èèyàn lára. Kọ́tìnì, apá aṣọ tó fún mọ́wọ́, bàtà tó bo ẹsẹ̀, gọ́gùlù lójú. Èmi máa ń wọ ovaróòlù, màá tún so tọ́ọ̀ṣì mọ́ orí, ìyàwó mi ní ṣe ni mo dà bí òṣìṣẹ́ NEPA tó wá já wáyà, kò sì purọ́. Tí wọ́n bá fẹ́ ya fọ́tò ẹbí, wọ́n á ní kí n ṣì sún sẹ́yìn díẹ̀. Mo fara mọ́ ọn.

5. Túùbù tí ò dúró. Ibí gan-an ni mo ń bọ̀ látàárọ̀, ẹ fi mí sílẹ̀ kí n sọ̀rọ̀.

Àwọn shẹ́ẹ̀lì, ìyẹn bọ́ọ̀lù ẹ̀tù tí wọ́n ń ki sínú túùbù kó lè fò lọ bú lókè, tí wọ́n ń tà ní páálí, mẹ́fà mẹ́fà, méjìlá méjìlá, wọ́n máa ń fi túùbù kan tàbí méjì sí i. Túùbù yẹn ní ìdí pẹlẹbẹ kékeré kan, ìdí yẹn sì ni gbogbo yín gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ ó gbé e ka orí koríko tó rọ̀, tàbí orí tábìlì, kò sí búlọ́ọ̀kù, kò sí iyanrìn, kò sí nǹkan kan tó dì í mú. Ẹ gbọ́, òfin gba shẹ́ẹ̀lì kan láyè láti ní ẹ̀tù tó tó 60 gram nínú. Agbára tó ń gbé e lọ sókè yẹn náà ló ń ti túùbù mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹyọ kìíní á yìn, túùbù á rì díẹ̀ lápá kan, ẹ ò ní rí i torí ojú gbogbo yín wà lókè. Ìkejì á yìn, á tún tẹ̀ sí i. Ìkẹta ló máa ń kọrí sọ́dọ̀ ìyá ìyàwó.

Níbi ọjọ́ ìbí kan lápá Richmond, wọ́n ti ní èmi ni màá tan án, àfi bí bọ̀ọ̀dá kan ṣe já túùbù gbà lọ́wọ́ mi, ó ní ọmọ Mushin lòun, òun ti ń yin nókáòtù látìgbà tóun wà ní pámárì, kí lẹnikẹ́ni fẹ́ kọ́ òun. Ó gbé túùbù lé orí kúlà ọtí. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká gbé e kúrò lórí kúlà." Ó ní ojo ni mí, gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín, DJ gan-an fi ẹnu sí i. Yìnyín ti ń yọ́ nínú kúlà yẹn, ó ń mì. Ìkejì tó yìn ló wó lulẹ̀ pẹ̀lú túùbù, shẹ́ẹ̀lì gba abẹ́ kánópì kọjá, ó bú gbàù lẹ́yìn ibi tí wọ́n to oúnjẹ sí, gbogbo àwọ̀ tó yẹ ká rí lókè, pupa, àwọ̀ ewé, góòlù, orí ẹ̀fọ́ rírò la ti rí i. Ọlọ́run ló yọ wá, kò sẹ́ni tó fara pa, gèlè méjì ló jó lẹ́tí, àti kánópì tí wọ́n háyà, tí wọ́n sì padà san owó ẹ̀ pé pérépéré. Ẹ mọ ohun tí bọ̀ọ̀dá sọ? Ó ní àwọn ará Ṣáínà tó ṣe é ni ò ṣe é dáadáa.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń parí sórí ẹ̀fọ́. Matiss Kivlenieks, ọmọ Latvia tó ń ṣọ́lé fún Columbus Blue Jackets nínú họ́kì orí yìnyín, July 4, 2021 ló kú, ní Novi ní Michigan. Àríyá ló wà. Nǹkan tí wọ́n ń yìn dagun díẹ̀, ó kọjú sí ibi táwọn èèyàn wà, ó bà á ní àyà. Ọmọ ọdún 24. Òun kọ́ ló ń tan án o, ó kàn wà níbẹ̀ ni.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbé bíró. Ẹ wá ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ tẹ́ pákó pláíwúùdù sí i, ẹ fi skúrúù kan ìdí túùbù mọ́ pákó yẹn, ẹ wá to àpò iyanrìn yí i ká. Ẹ dì í mú kẹ́ ẹ mì ín, tó bá ṣì lè mì, kò tíì ṣe tán. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti kéèkì, ẹ má gbé e ka orí koríko lásán, ẹ fi búlọ́ọ̀kù fún un lọ́tùn-ún lósì kó má lè wó tí ìdajì ẹ̀ bá ti yìn tán. Gbogbo pákó àti iyanrìn yẹn, owó ẹ̀ ò tó owó kéèkì kan tó dáa, ẹ sì máa lò ó fún ọdún pípẹ́. Síbẹ̀ tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní owó ti tán. Owó ti tán! Ẹni tó ra spákúlà tí gbogbo àdúgbò máa lò.

Mi ò tíì kúrò lórí túùbù o. Shẹ́ẹ̀lì ní orí, ó ní ìdí. Ìdí tó tẹ́ pẹlẹbẹ yẹn ni ẹ̀tù tó ń gbé e wà, ìdí ló ń lọ sísàlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dojú ẹ̀ dé, kò ní jáde, inú túùbù ló ti máa bú. Ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan, ẹ má ki méjì bọ̀ ọ́. Ẹ rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí tó fi kan ìsàlẹ̀, kí okùn ẹ̀ tẹ́ ẹ máa ṣáná sí sì wà níta. Tó bá ti yìn, ẹ dúró díẹ̀ kẹ́ ẹ tó ki òmíràn, torí iná lè ṣì wà nísàlẹ̀ tó máa kí i káàbọ̀. Orí yín, ojú yín, ọwọ́ yín, kò gbọ́dọ̀ wà lókè ẹnu túùbù nígbà kankan, yálà ó ti yìn tàbí kò tíì yìn. Ní 2015, ní Calais ní Maine, ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi túùbù lé orí ara ẹ̀ kó tó ṣáná sí i. Ó kú lójú ẹsẹ̀. Eré ló ń ṣe.

Ó yẹ kí n wà ní 6 báyìí, àbí? Ẹ̀yìnkùlé tó kéré ju nǹkan tẹ́ ẹ rà lọ. Nǹkan tó ń fò lọ sókè, ó yẹ káwọn èèyàn jìnnà sí i tó 150 ẹsẹ̀ bàtà, èyí tó ń tú jáde nílẹ̀ bí ìsun omi, 35. Púpọ̀ nínú àwọn ilé tuntun tẹ́ ẹ rà ní Katy àti Richmond, tẹ́ ẹ bá sún lẹ́yìn tó 150, inú pálọ̀ ẹlòmíì lẹ máa wà. Ẹ ra ti ilẹ̀, ó rẹwà, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Kí ẹ̀yìn àwọn èèyàn sì kọ sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, kó má gbé ẹ̀ṣẹ́ná wá bá wọn.

Àṣìṣe mìíràn ni fífi láítà kékeré ṣáná sí i. Láítà sìgá! Ọwọ́ yín á wà níbi tí okùn ti bẹ̀rẹ̀, ojú yín á tẹ̀ lé e. Òfin ìjọba àpapọ̀ sọ pé okùn yẹn gbọ́dọ̀ jó fún ìṣẹ́jú àáyá 3 ó kéré tán, kò sì gbọ́dọ̀ ju 9 lọ. Mẹ́ta! Kẹ́ ẹ tó sọ pé "ó ti mú o" ó ti lọ. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń jó díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n ń fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ níbi tẹ́ ẹ ti rà á, òun ni kẹ́ ẹ lò, tàbí láítà ọlọ́rùn gígùn tí wọ́n fi ń tan iná bàbékùù. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ na ọwọ́ tán, ẹ tan òpin okùn, ẹ yípadà, ẹ lọ. Ẹ má mú fóònù dání láti fi ya ara yín. Ẹ má sì jẹ́ kí DJ máa pariwo mọ́ yín létí, DJ kọ́ ló ni ìka yín. Ọwọ́ sì kọ́ ni wọ́n ń fi mú u nígbà tó bá ń jó: Jason Pierre-Paul, ọ̀kan nínú àwọn òṣèré bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tó lágbára jù nígbà yẹn, July 4, 2015 ló bú sí i lọ́wọ́, wọ́n gé ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀.

Èyí tí ò yìn. Ẹ má padà lọ wò ó. Ẹ má tún un tàn. Ogún mínítì ó kéré tán, lẹ́yìn náà ẹ da omi lé e láti ọ̀ọ́kán. Bẹ́ẹ̀ ni, kódà tó bá jẹ́ òun ló wọ́n jù.

Èyí tí cousin ẹnì kan ń tà nínú búùtù mọ́tò, tí kò lórúkọ, tí wọ́n ní M-80 ni, ìyẹn báńgà ńlá tí ẹ̀tù inú ẹ̀ ti pọ̀ jù: láti 1966 ni wọ́n ti fòfin dè é, ẹ sá fún un.

Spákúlà náà dé. Ẹ máa ń rò pé ti ọmọdé ni, ẹ ó wá fún ọmọ ọdún mẹ́ta tó wọ gáùn onínẹ́ẹ̀tì méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì. Ooru ẹ̀ ń lọ sí nǹkan bíi 2,000 degree Fahrenheit, ìyẹn kì í ṣe ooru àdògán. Wáyà tó bá jó tán ṣì gbóná gan-an, orí koríko ni wọ́n sì máa ń sọ ọ́ sí tí ẹni tó bọ́ bàtà máa fi tẹ̀ ẹ́. Bọ́kẹ́ẹ̀tì omi lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó bá ti kú, inú ẹ̀ ló ń lọ. Ẹ̀yin tọkọtaya tó fẹ́ kí àlejò tò lọ́tùn-ún lósì kẹ́ ẹ gba àárín ẹ̀ kọjá, ẹ mọ bí agbádá àti ìborùn ìyàwó ṣe gùn tó, ẹ jẹ́ kí àyè fẹ̀.

Ní 2020 tí kòrónà ò jẹ́ kí púpọ̀ nínú àwọn ìlú ṣe tiwọn, kálukú tan tiẹ̀ nílé, ìjọba Amẹ́ríkà ní ẹni tó tó 15,600 ló dé ilé ìwòsàn lọ́dún yẹn torí fireworks, àwọn 18 sì kú. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní ẹ ò sí lára wọn.

Àṣìṣe mìíràn ni kíkó o pamọ́ de Kérésìmesì. Ní December 26, 2012, ilé kan tí wọ́n kó fireworks sí ní Jankara, ní Lagos Island, bú gbàmù, iná ran àwọn ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó rí ìyẹn lórí ìròyìn, tó wá ń kó páálí mẹ́rin sí gáréèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń gbóná omi, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ fún un. Ẹ ra ìwọ̀n tẹ́ ẹ máa yìn. Ẹ má sì kó o sínú báàgì lọ sí Nàìjíríà, kò gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú rárá.

Tí gbogbo ẹ̀ bá tán, ẹ má kó páálí tó ti yìn sínú dọ́sìbìn lálẹ́ yẹn. Mo mọ ilé kan tí dọ́sìbìn oníkẹ̀kẹ́ ti yọ́ mọ́ ara gáréèjì ní aago mẹ́rin ìdájí, táwọn onílé sì ń sùn, bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹ rẹ gbogbo ẹ̀ sínú omi mọ́jú. Láàárọ̀, kẹ́ ẹ tó ṣílẹ̀kùn fáwọn ọmọ, ẹ yí ẹ̀yìnkùlé ká, ẹ dé ti aládùúgbò náà, kẹ́ ẹ ṣa èyí tí ò yìn, torí ẹni tó bá ń gé koríko ò ní rí i, ọmọdé ló sì máa ń kọ́kọ́ rí i.