Bí mo ṣe rí c àkọ́kọ́ nínú àwòṣe Ramsey

Gbogbo èsì tí kọ̀ǹpútà ń gbé jáde ló ń yà kúrò lọ́nà. Inú àwòṣe tí Frank Ramsey, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ní 1928 nípa iye tó yẹ kí ìlú jẹ àti iye tó yẹ kó fi pamọ́ gan-an ni ìdí rẹ̀ wà: a mọ k ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn ohun èlò iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n a ò mọ c, ohun tí ará ìlú máa jẹ. Tí c bá pọ̀ jù, ohun èlò á run. Tó bá kéré jù, ohun èlò á kó jọ pelemọ, jíjẹ á sì máa dínkù. c kan ṣoṣo ló ń gúnlẹ̀ síbi ìdúróṣinṣin, ìyẹn ibi tí k àti c ò ti ní yí padà mọ́.

Mo fi òfo ṣe ààlà ìsàlẹ̀, mo fi gbogbo ohun tí a pèsè ṣe ààlà òkè, mo wá gbé c sí agbedeméjì. Bí k bá run, agbedeméjì yẹn di ààlà òkè. Bí c bá ń wálẹ̀ (k ìbẹ̀rẹ̀ mi kéré sí ti ìdúróṣinṣin), agbedeméjì yẹn di ààlà ìsàlẹ̀. Pín in báyìí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, àlàfo náà á di ìdá kan nínú 1024.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó fi sílẹ̀. Bí ìpèsè bá jẹ́ k^α, tí α jẹ́ 0.3, tí β, ìwọ̀n tí a fi ń díye lé ọdún tó ń bọ̀, jẹ́ 0.95, tí ìtẹ́lọ́rùn jẹ́ log c, tí ohun èlò sì ń gbó tán lọ́dọọdún, c gbọ́dọ̀ jẹ́ 1 − αβ, ìyẹn 71.5% ìpèsè. Tèmi bá a mu régí.