Bí mo ṣe yan abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn fún iṣẹ́ abẹ tí mo fi bímọ

Ìdí ni ọmọ mi kọ sísàlẹ̀ nínú oyún, kò sì yí padà títí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ fi sún mọ́lé. A fẹnu kò pé iṣẹ́ abẹ ni wọn yóò fi gbé e jáde, a sì mú ọjọ́. Ohun tó kù ni bí wọn yóò ṣe pa ìrora náà: ṣé màá sùn lọ fọnfọn ni, àbí ìsàlẹ̀ ara mi nìkan ni wọn yóò pa kú tí ojú mi á sì là sílẹ̀? Oorun lọkàn mi yàn. Mi ò lè ronú pé wọn yóò máa la inú mi kí n sì wà lójúfò.

Nígbà tí mo jókòó ti dókítà tó ń fúnni lóògùn ìpàrora, mi ò bi í pé èwo ló dára jù. Ohun méjì ni mo béèrè nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan: kí ni màá mọ̀ lára, kí sì ni ẹ máa ṣe bí kò bá ṣiṣẹ́?

Ó ní abẹ́rẹ́ oorun ló yá jù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lò ó nígbà pàjáwìrì tí kò sí àyè mọ́. Òun náà ni wọ́n sábà máa ń lò fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í dì dáadáa, torí bí abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn bá mú kí ẹ̀jẹ̀ dà jọ sí àyíká mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn, ó lè ṣe ẹsẹ̀ léṣe. Àmọ́ nínú oyún, oúnjẹ àti omi inú ikùn a máa tètè gòkè, ó sì lè bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó ń sùn. Ọ̀nà ọ̀fun aboyún a máa wú, kì í rọrùn láti ki rọ́bà èémí bọ̀ ọ́. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ń mú kí ènìyàn máa sùn lọ a máa dẹ ilé ọmọ, ẹ̀jẹ̀ tó ń dà á sì pọ̀ sí i. Díẹ̀ nínú oògùn náà sì lè dé ara ọmọ, kó jáde pẹ̀lú oorun lójú. Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà.

Epidural ni rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fi sílẹ̀ sẹ́yìn kí wọ́n lè máa fi oògùn kún un. Ó dára fún ẹni tí wọ́n ti fi sí lára nígbà ìrọbí. Fún èmi tí mi ò tíì rọbí, kò wúlò tó bẹ́ẹ̀: ó lè gbà tó ìṣẹ́jú 20 sí 30 kó tó ràn dáadáa.

Spinal ni tiwa wá já sí. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ni, wọ́n á gún un sínú omi tó yí iṣan ẹ̀yìn ká, nísàlẹ̀ ibi tí mùdùnmúdùn náà parí sí. Ìyẹn gan-an ló fi mí lọ́kàn balẹ̀, torí ẹ̀rù arọ ló ń bà mí. Ó ní màá mọ̀ pé wọ́n ń fọwọ́ kàn mí, pé wọ́n ń fà mí, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dùn mí. Bó bá dùn mí, kí n sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Wọn yóò fi oògùn kún un tàbí kí wọ́n fún mi ní oorun. A jọ fẹnu kò sí èyí ṣáájú ọjọ́ náà. Ní tèmi, àdéhùn yẹn ṣe pàtàkì ju yíyàn gan-an lọ.

Lọ́jọ́ náà, mo ti dẹ́kun oúnjẹ fún wákàtí 6. Wọ́n ní kí n jókòó, kí n tẹ ẹ̀yìn síta, kí n má mira. Abẹ́rẹ́ tó kọ́kọ́ pa awọ ara kú ló ta mí jù. Ìgbóná bá sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ mi, kò sì pẹ́ tí méjèèjì kú tipiri. Dókítà ń fi nǹkan tútù kàn mí láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ó ń bi mí bóyá mo mọ òtútù rẹ̀. Ó di ìgbà tí mi ò mọ̀ ọ́n mọ́ dé ìwọ̀n ọmú kó tó jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Láàárín kan, èébì gbé mi, ojú mi ṣú. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi ló já wálẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe ti kìlọ̀ fún mi. Mo pè é, ó fi oògùn sí omi tó ń wọ̀ mí lára, ara mi sì bọ̀ sípò.

Fífà náà le ju bí mo ṣe rò ó lọ, bí ẹni tó ń tú ìsàlẹ̀ àpò wá nǹkan, síbẹ̀ kò dùn mí. Mo gbọ́ igbe ọmọ mi ní ojúfò, wọ́n sì gbé e lé mi láyà kí wọ́n tó rán mi tán.

Lẹ́yìn náà ara mi ń gbọ̀n, ojú àti imú sì ń yún mi, torí morphine, oògùn ìpàrora tí wọ́n pò mọ́ abẹ́rẹ́ náà. Ohun méjì ni wọ́n ní kí n má fi pamọ́: ẹ̀fọ́rí tó ń le bí mo bá dìde jókòó tó sì ń rọlẹ̀ bí mo bá dùbúlẹ̀, àti bí mi ò bá lè gbé ẹsẹ̀ nílẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 4 tí wọ́n ti gún abẹ́rẹ́ náà. Mo gbé ẹsẹ̀ méjèèjì kí àkókò náà tó pé.