Bí mo ṣe yẹ ara mi wò lórí ọ̀rọ̀ EQ, àti ohun tí mo wá yí padà

Àwọn èèyàn ń bi mí bí mo ṣe yẹ ara mi wò lórí EQ, ìyẹn emotional intelligence, òye téèyàn ní nípa bí nǹkan ṣe ń rí lára òun àti lára ẹlòmíì, màá kúkú kọ ọ́ síbí kó lè wà níbì kan. Télọ̀ ni mí n'Ìbàdàn, mo láwọn ọmọṣẹ́, ẹni tó bá sì ti rán aṣọ ẹbí rí máa mọ̀ pé inú èèyàn là ń bá ṣiṣẹ́ ju aṣọ lọ, inú kọ́sítọ́mà, inú ọmọṣẹ́, àti tẹni fúnra ẹni.

Ọ̀rọ̀ emotional intelligence yìí, Peter Salovey àti John Mayer, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà èèyàn, ló kọ̀wé nípa ẹ̀ ní 1990 bí ohun téèyàn lè yẹ̀ wò, Daniel Goleman wá fi ìwé ẹ̀ sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé ń sọ ní 1995. Ti Salovey àti Mayer ni mo gbá mú torí ó ṣe tààrà: ṣé ẹ máa ń rí ohun tó wà nínú ẹlòmíì àti nínú ara yín, ṣé ẹ mọ bẹ́ ẹ ṣe máa lò ó, ṣé ẹ mọ ibi tó ti wá, ṣé ẹ lè darí ẹ̀.

Mo kọ́kọ́ ṣe àwọn test ọ̀fẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n á kọ ọ́ pé "mo máa ń tètè mọ̀ tí inú ẹlòmíì ò bá dùn" tẹ́ ẹ máa wá mú nọ́ńbà láti 1 dé 5. Máàkì mi ga gan-an. Àmọ́ ẹ gbọ́ ná, ta ló máa jókòó kó ní òun ò mọ inú ẹlòmíì? Ẹni tí ò mọ̀ gan-an ò ní mọ̀ pé òun ò mọ̀, torí ẹ̀ mi ò gbára lé e. Test kan tí wọ́n ń pè ní MSCEIT, tí Mayer, Salovey àti Caruso ṣe, sàn jù, iṣẹ́ ló máa fún yín ṣe dípò kó ní kẹ́ ẹ máa yin ara yín, àmọ́ owó ni wọ́n fi ń ṣe é. Mo wá ṣe test ti ojú tí Simon Baron-Cohen àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Cambridge ṣe, fọ́tò 36, ibi ojú nìkan lẹ máa rí, ẹ ó wá mú ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ mẹ́rin, èyí tó bá ohun tó wà nínú ẹni náà mu. Ó le, mo sì gbádùn ẹ̀, ṣùgbọ́n ìwádìí nípa autism, ìyẹn bí ọpọlọ àwọn kan ṣe yàtọ̀ láti kékeré tó fi lè ṣòro fún wọn láti mọ inú ẹlòmíì, ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe é, ojú òyìnbó ló sì wà nínú ẹ̀. Kò lè sọ fún mi bí Ìyá Ìbejì, kọ́sítọ́mà mi, ṣe máa ń wò tó bá ti rò pé mo ti gé lace òun kù.

Ohun tó là mí lójú ni pé mo bi àwọn tó ń rí mi lójoojúmọ́. Wàhálà sì wà níbẹ̀ o, torí tẹ́ ẹ bá bi ọmọṣẹ́ pé "báwo ni ìwà mi ṣe rí?", "ẹ dáa mà, Ọlọ́run á bá wa dá yín sí" ló máa sọ, ẹ ò sì lè bá a wí, wọn ò tọ́ ọ pé kó máa ka àbùkù àgbà sí àgbà lójú. Mo wá yí ìbéèrè náà padà. Mi ò ní kí wọ́n máàkì mi, mo ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n máa ń rí lára mi tí wọ́n fi máa ń mọ̀ pé ọjọ́ yẹn ò ní rọgbọ, àti ohun tí wọ́n máa ń fi pa mọ́ fún mi. Mo ní kí wọ́n fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́ kí n má bàa dá ọwọ́ ẹnikẹ́ni mọ̀, kí wọ́n ká bébà náà sínú páálí bọ́tìnnì, mo sì jáde kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.

Ẹnì kan kọ ọ́ pé "tẹ́ ẹ bá ti ń ká tépù yẹn mọ́ ìka, a máa ń dákẹ́." Tépù tí mo fi ń wọn aṣọ ni, ọrùn mi ló máa ń wà, mi ò tiẹ̀ mọ̀ rí pé mo máa ń ká a. Ẹlòmíì kọ ọ́ pé aṣọ tí áyọ́ọ̀nù bá jó, ọjọ́ kejì ni wọ́n máa ń jẹ́ kí n mọ̀. Èyí wọ̀ mí lára ju gbogbo ẹ̀ lọ, torí aṣọ tó jó lónìí tí mo bá gbọ́ lónìí, mo ṣì lè sáré lọ sí ọjà Gbági lọ ra irú ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí mo bi ní tiẹ̀ ò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: "O kì í pariwo, o máa ń dákẹ́ ni, dídákẹ́ ẹ yẹn sì le ju igbe lọ."

Sùúrù lèmi ń pe ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Mo wá ka ìwádìí tí James Gross, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà èèyàn ní Amẹ́ríkà, ṣe ní 1998: ó fi fíìmù tó ń rí èèyàn lára han àwọn èèyàn, ó ní káwọn kan má jẹ́ kó hàn lójú wọn rárá, ó ní káwọn kan fi ojú ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn wò ó, àwọn yòókù kàn ń wò ó ṣáá. Àwọn tó ń bò ó mọ́lẹ̀, ó ṣì ń rí wọn lára bákan náà, ara wọn tún wá ń ṣe wàhálà sí i lábẹ́nú. Àwọn tó yí ojú tí wọ́n fi ń wò ó padà ni ìríra náà dín kù fún.

Ohun tí mo wá ń ṣe ò ju pé mo ń kọ nǹkan sórí WhatsApp, mo ń fi ránṣẹ́ sí ara mi: kí ló ṣẹlẹ̀, níbo ló ti mú mi lára, kí lorúkọ ẹ̀ gan-an. Mo máa ń fi agídí wá orúkọ náà, mi ò gbà kí n kọ "inú ń bí mi" kí n sì lọ, ṣé ojú ló tì mí ni, ṣé ẹ̀rù gbèsè ni, ṣé ìjákulẹ̀ ni, àbí ebi lásán. Ìwádìí tí Matthew Lieberman ṣe ní UCLA, yunifásítì kan ní Los Angeles ní Amẹ́ríkà, ní 2007 fi hàn pé téèyàn bá pe orúkọ ohun tó rí lójú ẹlòmíì, ibi tó máa ń ta kìjí nínú ọpọlọ, amygdala, máa ń rọlẹ̀. Èmi rí i pé ọ̀pọ̀ ìgbà tí mo kọ "ìbínú" ẹ̀rù ló wà nídìí ẹ̀, pàápàá ọjọ́ Friday tí aṣọ òde pọ̀ nílẹ̀ tí NEPA sì ti mú iná lọ.

Ẹ jẹ́ n sọ ti obìnrin kan. Ó wá gba ìró àti bùbá, ó ní apá ẹ̀ fún òun, ó sì ń pariwo níṣojú àwọn kọ́sítọ́mà tó jókòó. Ọwọ́ mi ti dé orí tépù. Mo bọ́ ọ lọ́rùn, mo gbé e sórí tábìlì, mo sọ nínú ara mi pé ojú ló ń tì mí torí àwọn tó jókòó yẹn. Lẹ́yìn náà ni mo tó wo ojú obìnrin náà dáadáa, ó pọ́n, abẹ́ ẹ̀ ti wú. Mo ní "Ẹ má bínú mà, ọ̀la lòde yẹn, àbí? Ó jọ pé ẹ ò tíì sinmi." Ó jókòó ni. Ìsìnkú màmá ẹ̀ ni, òun nìkan ló sì ń sá sókè sódò lórí ẹ̀. A ti fi aṣọ sílẹ̀ nínú ojú rírán, ọmọṣẹ́ mi tú apá náà, ó sì tún un rán kó tó dìde.

Báyìí tí áyọ́ọ̀nù bá jó aṣọ, lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń pè mí. Mo tún gbé páálí bọ́tìnnì yẹn kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kò sẹ́ni tó dárúkọ tépù mọ́, àmọ́ ẹni méjì kọ ọ́ pé tí mo bá ti gba ìpè látilé, ohùn mi máa ń yí padà sí wọn. Ìyẹn ni mò ń kọ sórí WhatsApp lọ́wọ́lọ́wọ́.