Bí Ilé Ìwòsàn Ṣe Lè Fi Àkọsílẹ̀ Orí Kọ̀ǹpútà Dín Àṣìṣe Ìtọ́jú Kù

Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn aládàáni ní Súrùlérè, Mushin àti Yaba ló ti ń kó fáìlì oníwèé wọn sórí kọ̀ǹpútà, iye owó tí yóò ná wọn ni àwọn tó ni ilé ìwòsàn sì sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ó yẹ kí ìbéèrè nípa ẹni tó ni fáìlì ṣáájú ti owó, nítorí kọ̀ǹpútà kò mọ̀ bóyá ẹni tó jókòó níwájú dókítà ni ẹni tí orúkọ rẹ̀ hàn lójú ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá ṣí fáìlì ẹlòmíràn, oògùn ẹlòmíràn ni yóò jáde, kíákíá, pẹ̀lú lẹ́tà tó hàn ketekete.

Ọ̀dọ̀ akọ̀wé tó ń gba orúkọ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Orúkọ àti ọjọ́ ìbí nìkan kò tó láti fi dá aláìsàn mọ̀ láàárín wa. Táíwò àti Kẹ́hìndé jọ ní orúkọ bàbá, ọjọ́ ìbí àti àdírẹ́sì, nọ́mbà fóònù ìyá wọn sì lè wà nínú fáìlì àwọn méjèèjì. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ni wọ́n sábà máa ń kọ fún àgbàlagbà tí kò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i. Ẹnì kan náà lè jẹ́ Ṣẹ́gun lónìí, kó jẹ́ Olúṣẹ́gun lóṣù tó ń bọ̀. Nítorí náà, ẹ fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan ní nọ́mbà kan ṣoṣo tí kò ní yí padà, ẹ fi àwòrán rẹ̀ sínú fáìlì, kí ẹ sì kọ NIN rẹ̀ bó bá ní in, láìlé ẹni tí kò ní in padà. Kí akọ̀wé má ṣe béèrè pé, "Ṣé ẹ̀yin ni Ìyáàfin Àjàyí?", nítorí ẹni tí àìsàn ti mú kó rẹ̀ ẹ́ lè dáhùn sí orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Kí ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ mà, kí ni orúkọ yín ní kíkún? Ọjọ́ wo ni wọ́n bí yín?"

Ọ̀rọ̀ ọmọ tuntun gba àfiyèsí ju èyí lọ, nítorí kò ní orúkọ títí di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, "Ọmọ Ìyáàfin Balógun" sì lè pé méjì nínú wọ́ọ̀dù kan. Ẹ kọ orúkọ ìyá ní kíkún, nọ́mbà rẹ̀, àti wákàtí tí ó bí ọmọ. Bó bá jẹ́ ìbejì, ẹ kọ èyí tó kọ́kọ́ dé àti èyí tó tẹ̀ lé e, kí ẹ sì so àmì mọ́ ẹsẹ̀ wọn kí ẹnikẹ́ni tó gbé wọn kúrò lọ́dọ̀ ìyá. Nígbà tí orúkọ bá dé, inú fáìlì kan náà ni kí ẹ kọ ọ́ sí.

Lẹ́yìn náà ni oògùn. Ẹ ṣètò ojú àyè tí ẹnikẹ́ni kò lè fò fún oògùn tí ara aláìsàn kọ̀, níbi tí "kò sí" ti yàtọ̀ sí "a kò tíì béèrè". Ẹni tí Ampiclox mú kí ara rẹ̀ wú kò gbọ́dọ̀ gba Augmentin láìsí ìkìlọ̀, nítorí ìdílé penisílínì ni méjèèjì ti wá. Níbí ni kọ̀ǹpútà ti wúlò ju ìwé lọ. Ẹ béèrè àgbo pẹ̀lú, láìfi ojú kéré ẹni tó ń mu ún, kí ó má baà fi pamọ́.

Kílógíráàmù nìkan ni kí ẹ̀rọ gbà fún ìwọ̀n ara ọmọdé. Bí ẹ bá ń fún un ní parasítámọ́ọ̀lù mílígíráàmù 15 fún kílógíráàmù kan, ọmọ kílógíráàmù 10 yóò gba 150; bí nọ́ọ̀sì bá tẹ 22 tó jẹ́ ìwọ̀n ọmọ kan náà ní pọ́n-ùn, yóò gba 330. Ẹ kọ 5, ẹ má kọ 5.0 tí ojú lè rí bí 50. Ẹ kọ 0.5, kì í ṣe .5.

Ẹ̀rọ tó ń kìlọ̀ lórí gbogbo nǹkan yóò kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ láti máa tẹ bọ́tìnì kọjá láìkà á. Ẹ jẹ́ kí ìkìlọ̀ tó ń dá iṣẹ́ dúró kéré: oògùn tí ara kọ̀, ìwọ̀n tó pọ̀ jù, àti oògùn méjì tó lè ṣe ara wọn ní jàǹbá. Ẹni tó bá kọjá rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ ìdí, kí apòògùn sì máa yẹ àwọn ìdí náà wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ aṣínà (password) tirẹ̀, nítorí òfin ìlera ti 2014 àti òfin ààbò dátà ti 2023 sọ àṣírí aláìsàn di dandan.

Iná yóò lọ, a kò ní tan ara wa jẹ. Ẹ tẹ àkọsílẹ̀ oògùn wọ́ọ̀dù sórí ìwé nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì bá ń pààrọ̀ iṣẹ́. Nígbà tí iná bá dé, kí ẹni tí ẹ yàn kọ wákàtí tí aláìsàn lo oògùn gan-an, ṣáájú kí ẹlòmíràn tó fún un lẹ́ẹ̀kejì.

Lóṣooṣù, ẹ wá àwọn fáìlì tó jọ ara wọn, kí ènìyàn méjì jọ fi ẹnu kò kí wọ́n tó dà wọ́n pọ̀. Ẹ má ṣe pa èyíkéyìí rẹ́. Bí irú ẹ̀jẹ̀ inú fáìlì méjèèjì bá yàtọ̀, ẹ má ṣe yan ọ̀kan. Ẹ pe aláìsàn náà kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò.