Màlúù Ń Jẹun Àmọ́ Ó Ń Rù: Ìwé Ìtọ́sọ́nà Lórí Eṣinṣin Tsetse àti Kòkòrò Inú Ẹ̀jẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ oko o, ẹ̀yin ará wa. Àwa tá a ń sin ẹran ní Òkè-Ògùn, láti Ṣakí títí dé Ìsẹ́yìn, àti gbogbo ẹni tí ẹran rẹ̀ ń mumi nínú odò Ògùn tàbí Ọ̀fikì, àwa gan-an ni mo ń bá wí, àmọ́ ẹni tí kò ní ju ajá ọdẹ kan ṣoṣo lọ kó má ì tíì lọ, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Ẹ wò ó, òjò ti rọ̀, koríko ti yọ, gbogbo agbo ti ń sanra, àmọ́ màlúù kan wà níbẹ̀ tó ń jẹun bíi tàwọn yòókù, tó ń mumi, kò kọ oúnjẹ rí, síbẹ̀ ẹ lè ka egungun ìhà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, iké ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, irun ara rẹ̀ ò dán mọ́. Tí agbo bá ń lọ, ẹ̀yìn ló máa ń wà. Ẹran tí ebi ẹ̀ẹ̀rùn pa máa ń bọ̀ sípò tí koríko bá dé. Eléyìí kì í bọ̀ sípò.

Ẹ sún mọ́ ọn. Ẹ fi àtàǹpàkò fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀, kí ẹ wo ẹran inú ibẹ̀. Ti màlúù tára rẹ̀ le máa ń pọ́n dáadáa. Ti èyí tí kòkòrò ti ń jẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa funfun ràn-ìn bí ẹ̀kọ tútù. Ẹ wá fọwọ́ tẹ iwájú èjìká rẹ̀, ẹ máa kan kókó kan tó wú níbẹ̀, kò ní dùn ún tó bẹ́ẹ̀ àmọ́ ẹ máa mọ̀ ọ́n lọ́wọ́. Ibà máa ń wá, á tún lọ, á tún wá. Abo tó lóyún lè ṣẹ́ oyún, wàrà á dínkù. Àwọn Fúlàní inú gáà mọ̀ ọ́n dáadáa, wọ́n máa ń pè é ní sàmórè bíi tàwọn Háúsá, òyìnbó ń pè é ní trypanosomiasis tàbí nagana. Àwa máa ń kàn sọ pé ẹran náà ń gbẹ, a ó sì máa wá ẹni tó wo ẹran wa lójú burúkú.

Ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà

Kì í ṣe ojú burúkú. Mo ti fojú ara mi rí i nínú láàbù, wọ́n kán ẹ̀jẹ̀ etí màlúù sórí gíláàsì, wọ́n gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù, wọ́n ní kí n wò ó. Nǹkan tín-ín-tín kan ló ń jàjà láàárín ẹ̀jẹ̀ bí ọmọ ẹja nínú ẹrẹ̀, ó ń ti ẹ̀jẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Látọjọ́ yẹn, n ò tún lè gbọ́ kẹ́nì kan sọ pé àfọ̀ṣẹ ló ń pa ẹran kí n dákẹ́. Mẹ́ta ló ń yọ màlúù lẹ́nu jù lọ́dọ̀ wa: Trypanosoma vivax, congolense àti brucei. Ẹ ò nílò láti há orúkọ wọn sórí, dókítà ẹran ló ni ín, àmọ́ ẹ mọ̀ pé mẹ́ta ni.

Ẹ máa ń bi mí pé ṣé kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára bíi ti àwọn àìsàn yòókù ni. Kò sí o, ìdí rẹ̀ sì rèé: kòkòrò yìí ń pààrọ̀ ẹ̀wù bí eégún onídán. Ara màlúù á dá ọmọ ogun sílẹ̀ láti bá a jà, kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n dáadáa ó ti bọ́ ẹ̀wù yẹn, ó ti wọ òmíràn, ìjà á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdí tí ibà fi ń lọ tó ń bọ̀ nìyẹn, ìdí sì nìyẹn tí ara ẹran fi ń rẹ̀ títí tí kò fi lágbára mọ́.

Ẹ mọ eṣinṣin yìí dájú

Tsetse ni eṣinṣin tó ń gbé kòkòrò yìí láti ara ẹran kan sí òmíràn tó bá ń mu ẹ̀jẹ̀ wọn. Ó tóbi díẹ̀ ju eṣinṣin ilé lọ, àwọ̀ ilẹ̀ ló ní. Tó bá bà, ẹ wo ìyẹ́ rẹ̀: méjèèjì máa ń gorí ara wọn pátápátá bí àlùmọ́gàjí tí wọ́n pa dé, nígbà tí ìyẹ́ eṣinṣin ilé máa ń yà sọ́tùn-ún àti sósì. Ẹnu rẹ̀ yọ síwájú ṣánṣán bí abẹ́rẹ́. Akọ àti abo ló ń mu ẹ̀jẹ̀ o, kò dà bí ẹ̀fọn tó jẹ́ abo nìkan. Ojúmọmọ ló ń jẹni, ó fẹ́ràn ibòji etí odò níbi tí ẹran ti ń mumi táwọn ìyá wa ti ń fọṣọ, oríṣi mìíràn sì wà nínú igbó ọ̀dàn. Nǹkan tó bá ń rìn ló máa ń lé, kódà ọkọ̀ àti ọ̀kadà.

Ohun tó fún mi nírètí nípa ẹ̀ ni pé kì í yé ẹyin rẹpẹtẹ. Ọmọ kan ṣoṣo ló ń bí lẹ́ẹ̀kan, nǹkan bí ọjọ́ mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá síra wọn, ọmọ náà á wọnú ilẹ̀ rírọ̀ lábẹ́ ibòji, á sì lò tó oṣù kan níbẹ̀ kó tó jáde. Ìyẹn ni pé ọ̀kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá pa lówó lórí. Ní erékùṣù Unguja ní Zanzibar, wọ́n pa á tán pátá, ọdún 1997 ni wọ́n kéde ẹ̀.

Àmọ́ tsetse nìkan kọ́. Àwọn eṣinṣin ńlá tó ń jẹ ẹṣin àti màlúù lẹ́yìn òjò, àti èyí kékeré tó jọ eṣinṣin ilé àmọ́ tó ń gé ẹran lẹ́sẹ̀, àwọn náà lè fi ẹnu tó lẹ́jẹ̀ gbé vivax láti ara màlúù kan sí òmíràn. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tí ẹ fi ń gún gbogbo agbo lè ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa pààrọ̀ abẹ́rẹ́, kò wọ́n tó màlúù.

Ẹni tó bá mọ ìtàn Ọ̀yọ́ Ilé mọ̀ pé ẹṣin ni wọ́n fi ń jagun, òkè Ọya sì ni wọ́n ti ń ra púpọ̀ nínú wọn, gbogbo ìgbà ni wọ́n ń tún un rà torí ẹṣin kì í pẹ́ nílẹ̀ wa. Tí wọ́n bá sún mọ́ igbó, ẹṣin ò wúlò mọ́. Eṣinṣin yìí wà lára ohun tó fà á. Ọ̀tá àtijọ́ ni.

Màlúù Bùnájì funfun tó pọ̀ lọ́wọ́ wa ni àìsàn yìí máa ń mú jù. Mùtúrù kúkúrú àti N'Dama lè gbé kòkòrò náà sára kí wọ́n má rù tó bẹ́ẹ̀, Kẹ̀tẹ̀kú náà sàn díẹ̀, ewúrẹ́ kúkúrú ilé wa náà ń gbìyànjú. Kì í ṣe pé kò lè mú wọn o, ebi àti iṣẹ́ àṣejù lè mú kí wọ́n ṣubú.

Abẹ́rẹ́ ìlàjì ló ń pa wá

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí jù rèé. Èmi náà ti jẹ̀bi ẹ̀ rí. Bàbá kan nínú gáà ní màlúù márùn-ún tó ń rù, owó sáṣẹ́ẹ̀tì oògùn méjì ló wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n bẹ̀ mí pé ká bu omi sí i kó kárí, àánú wọn ṣe mí, mo gbà. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ẹran ti ń sáré, gbogbo wa ń yọ̀. Kò tó oṣù méjì gbogbo wọn tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, a wá fún wọn ní ìwọ̀n tó pé pẹ̀lú oògùn kan náà, kò ràn wọ́n. Méjì kú. Oògùn mìíràn la fi wo mẹ́ta tó kù. Oògùn tí kò tó kì í pa kòkòrò, ńṣe ló máa ń pa àwọn tó rọ̀ nínú wọn, á wá ṣẹ́ àwọn tó le kù, àwọn yẹn ni eṣinṣin á wá gbé fún gbogbo agbo àdúgbò, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ń lo oògùn dáadáa náà á bá wa jìyà.

Ẹ ṣèṣirò. Diminazene aceturate, èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ́jà, mílígíráàmù 3.5 fún kílò kan ni. Sáṣẹ́ẹ̀tì gíráàmù 2.36 tẹ́ ẹ máa ń rí, tí kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni diminazene, wà fún kílò 300, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Màlúù Bùnájì tó dàgbà lè fẹ́rẹ̀ẹ́ gba sáṣẹ́ẹ̀tì kan tán fúnra rẹ̀. Omi tí wọ́n kọ sára páálí ni kí ẹ fi pò ó, omi abẹ́rẹ́ tó mọ́, kì í ṣe omi kànga. Ẹ má fi ojú wọn ẹran, ojú máa ń tanni, ẹ lo tẹ́ẹ̀pù tí wọ́n fi ń wọn àyà màlúù. Inú iṣan jinlẹ̀ ni kí ẹ gún un sí, tó bá pọ̀, ẹ pín in sí ojú méjì.

Èkejì ni isometamidium chloride. Yàtọ̀ sí pé ó ń wò ó, ó lè dáàbò bo ẹran fún oṣù méjì sí mẹ́rin, ó dáa fún agbo tó fẹ́ kọjá etí odò. Ẹ má lo ọ̀kan ṣoṣo lọ́dọọdún láìpààrọ̀, ẹ jẹ́ kí dókítà ẹran bá yín ṣètò bí ẹ ó ṣe máa pààrọ̀ méjèèjì. Pẹnisílín kì í pa kòkòrò yìí rárá, ẹ dẹ́kun fífi owó ṣòfò. Ẹ ka iye ọjọ́ tó wà lára páálí kí ẹ tó pa ẹran tẹ́ ẹ gún tàbí kí ẹ tó ta wàrà rẹ̀.

Kí ẹ tó ra oògùn kankan ṣá, ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò tó bá ṣeé ṣe, torí aràn inú ìfun, aràn ẹ̀dọ̀ àti eégbọn náà máa ń sọ ẹran di báyìí. Ẹ ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ létí, torí congolense fẹ́ràn láti máa lẹ̀ mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké. Wọ́n á yí ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀rọ, wọ́n á sọ PCV fún yín, ìyẹn ìdá tí ẹ̀jẹ̀ pupa kó nínú ọgọ́rùn-ún, tí ti màlúù bá ti wálẹ̀ kọjá 24, ẹ̀jẹ̀ ti ń gbẹ nìyẹn.

Ajá ọdẹ

Ọdẹ kan gbé ajá rẹ̀ wá, ojú ajá náà ti di aláwọ̀ búlúù bí ìgbà tí wọ́n da wàrà sínú omi aró, ó ní sèbé ló tutọ́ sí i. Mo ní bàbá, ṣé ojú méjèèjì náà ni sèbé tutọ́ sí, tó tún jẹ́ kó rù, tó jẹ́ kó máa gbóná? Brucei ló wà lára ẹ̀. Ajá máa ń kó o lọ́wọ́ eṣinṣin, ó sì lè kó o tó bá jẹ ẹran tútù tó lárùn, torí náà ẹ má máa ju ìfun ẹran ìgbẹ́ fún un lójú oko. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi ìyókù abẹ́rẹ́ màlúù gún ajá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jáwọ́: diminazene tó bá lé díẹ̀ máa ń ba ọpọlọ ajá jẹ́, ó sì máa ń pa á. Dókítà ni kó wọ̀n ọ́n.

Bá a ṣe lè dín eṣinṣin kù

Tsetse fẹ́ràn búlúù, ó sì máa ń bà sórí dúdú. Ẹ rán aṣọ búlúù mọ́ aṣọ dúdú, bíi mítà kan níbùú lóòró, ẹ fi deltamethrin, oògùn tó ń pa eṣinṣin, rẹ ẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ẹ so ó mọ́ igi méjì nítòsí ilẹ̀, níbi tí ẹran ti ń mumi, níbi tó hàn gbangba, kí ẹ gé koríko àyíká rẹ̀. Lẹ́yìn òjò ńlá, ẹ tún un rẹ. Tó bá ti ṣá, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Oògùn tí wọ́n ń dà sára màlúù náà ń ṣiṣẹ́. Ẹsẹ̀ àti abẹ́ ikùn màlúù ni tsetse ti ń mu ẹ̀jẹ̀ jù, torí náà bí owó ò bá tó láti fi fọ́n gbogbo ara, ẹ fọ́n ibẹ̀ yẹn. Ẹ má fi oògùn kòkòrò oko kòkó fọ́n ẹran láéláé. Ẹ má sì gé gbogbo igi etídò tán nítorí eṣinṣin, odò á gbẹ, ẹ ó tún wá omi tì.

Àwa èèyàn ńkọ́?

Vivax àti congolense kì í mú èèyàn. Brucei tó wà lára màlúù àti ajá wa náà, ẹ̀jẹ̀ èèyàn máa ń pa á, ẹran tó jinná ò sì lè ṣe yín ní nǹkan kan. Àmọ́ ẹ̀yà brucei kan wà tó ń jẹ́ gambiense, òun ló ń fa àìsàn oorun lápá ìwọ̀-oòrùn àti àárín Áfíríkà. Ní Nàìjíríà, Abraka ní ìpínlẹ̀ Delta wà lára ibi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ó ti dínkù gan-an: láti 2018, àwọn tó ń kó o lọ́dún kan ní gbogbo Áfíríkà kò tó 1,000, ní 2020 sì ni àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbà pé Tógò ti borí ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣòro ìlera gbogbogbò, àwọn sì ni àkọ́kọ́ ní Áfíríkà. Torí pé ó ti dínkù yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì ò fi ní rántí rẹ̀.

Ó máa ń rọra wá, ó lè lo oṣù tàbí ọdún. Ibà tó ń lọ tó ń bọ̀, orí fífọ́, ara yíyún, oríkèé ríro. Ẹ fọwọ́ tẹ ẹ̀yìn ọrùn, tí kókó bá wà níbẹ̀, ẹ sọ fún dókítà. Tó bá ti dé ọpọlọ, ẹni náà á máa sùn lọ́sàn-án, kò ní rí oorun sùn lóru, ìwà rẹ̀ á yí padà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á máa dà rú, àwọn ará ilé á sì ní ayé ló ń ṣe é. Ẹ má gbé e lọ síbi tí wọ́n á ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é. Ó ní ìwòsàn. Oògùn oníhóró kan wà báyìí tó ń jẹ́ fexinidazole, ọjọ́ 10 ni wọ́n fi ń lò ó pẹ̀lú oúnjẹ, WHO sì ń fún àwọn orílẹ̀-èdè lọ́fẹ̀ẹ́. Tẹ́ ẹ bá lo oògùn ibà lẹ́ẹ̀mejì tí kò lọ, tí eṣinṣin sì máa ń jẹ yín létí odò, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn ní ọsibítù, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò fún un.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ soko etídò, ẹ wọ aṣọ tó nípọn, ọlọ́wọ́ gígùn, kó má jẹ́ búlúù tàbí dúdú. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ pe dókítà ẹran wá wo màlúù yín, kí ẹ tó pè é, ẹ ti mú páálí oògùn tẹ́ ẹ lò kẹ́yìn sílẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ lò ó àti iye tẹ́ ẹ fún màlúù kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn ẹ̀, kódà kó jẹ́ pé ìlàjì ni. Kò ní bá yín jà. Ohun tó máa kọ́kọ́ béèrè nìyẹn.