Béèsì ẹ̀rọ orin ilé yín kò dún tó? Àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nìyí

Bí béèsì bá kéré lára ẹ̀rọ orin, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n yí bọ́tìnnì béèsì dé òpin. Bí ìyẹn kò bá tó, wọ́n á wá owó, wọ́n á kọrí sí ọjà Alábà lọ ra sípíkà ńlá. Ó máa ń dùn mí, torí pé nínú ọ̀pọ̀ ilé, béèsì ọ̀hún wà nínú ẹ̀rọ tí wọ́n ti ní tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n ṣe so wáyà àti ibi tí wọ́n gbé sípíkà kalẹ̀ sí ni kò jẹ́ kí ó dé etí wọn. Ẹ dá owó yín dúró ná, kí ẹ kọ́kọ́ wo àwọn nǹkan wọ̀nyí.

Ẹ má ṣe so wáyà pupa mọ́ ojú dúdú

Èyí ló ń jẹ béèsì jù, òun náà ni àwọn ènìyàn kì í fura sí. Lẹ́yìn sípíkà kọ̀ọ̀kan, ojú méjì ló wà tí a ń so wáyà mọ́, ọ̀kan pupa, ọ̀kan dúdú. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lẹ́yìn amplifier, ẹ̀rọ tó ń fún sípíkà ní agbára. Pupa gbọ́dọ̀ bá pupa lọ, kí dúdú bá dúdú. Bí ẹ bá so ti ọ̀tún dáadáa, tí ẹ wá so ti òsì ní òdìkejì, sípíkà méjèèjì á ṣì máa dún. Kò ní rú èéfín, kò sì ní sí iná kankan tí yóò tàn láti kìlọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n bí woofer ọ̀tún, ìyẹn èyí ńlá inú àpótí tó ń gbé béèsì, bá ń yọ síwájú, ti òsì á máa fà sẹ́yìn. Afẹ́fẹ́ tí ọ̀kan bá tì, èkejì á fà á padà, béèsì á sì parẹ́ sáàárín wọn. Ẹ ó ṣì máa gbọ́ ohùn olórin, ẹ ó ṣì máa gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn náà á fọ́n káàkiri, ẹ kò ní lè nàka sí ibi tí ó ti ń wá.

Wáyà tí a ń rà lọ́jà wà lára ohun tó ń fà á. Ọ̀pọ̀ wáyà sípíkà ló jẹ́ pé àwọ̀ kan náà ni apá rẹ̀ méjèèjì. Ẹ fi èékánná tọ̀ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀: apá kan sábà máa ń ní ìlà tó gbé sókè díẹ̀, tàbí kí wọ́n kọ nǹkan sí i lára, tàbí kí bàbà inú rẹ̀ pọ́n kí ti èkejì sì funfun. Ẹ mú apá kan nínú méjèèjì, kí ẹ sọ ọ́ di pupa láti ẹ̀yìn amplifier títí dé ẹ̀yìn sípíkà, kí ẹ má sì yí i padà nígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ sípíkà kejì.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ dájú, ẹ gbé sípíkà méjèèjì sún mọ́ra, kí ẹ gbé orin tí béèsì rẹ̀ pọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ pa amplifier, ẹ yí wáyà sípíkà kan ṣoṣo padà, ẹ tún gbé orin kan náà sí i. Èyí tí béèsì rẹ̀ pọ̀ nínú méjèèjì ló tọ̀nà. Bí ẹnìkan bá ti tú sípíkà náà ṣe rí, ó lè jẹ́ pé inú àpótí ni wọ́n ti yí wáyà sódì, àwọ̀ tó wà níta kò sì ní fi hàn. Fún irú èyí, ẹ yọ wáyà kúrò lára amplifier pátápátá. Ẹ mú bátìrì rẹmótì oní 1.5 fóltì, ẹ fi orí rẹ̀ kan wáyà pupa, ẹ fi ìdí rẹ̀ kan dúdú, ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá kan péré. Ẹ ó rí woofer tí yóò ta pọ́ún síwájú. Bí ọ̀kan bá yọ síwájú, tí èkejì sì wọlé sẹ́yìn, ẹ ti rí ohun tó ń jẹ béèsì yín.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ lọ́ òwú bàbà orí wáyà pọ̀ dáadáa. Òwú kan ṣoṣo tó bá ti ojú pupa lọ kan ojú dúdú lè ba amplifier jẹ́.

Ẹ má ṣe gbé àga sí àárín gbùngbùn pálọ̀

Ohùn máa ń rin nǹkan bíi mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Okùn tó nípọn jù lára gìtá béèsì, irú èyí tí a ń gbọ́ nínú orin jùjú, máa ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn 41 Hz. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ìgbì ohùn kan ṣoṣo níbẹ̀ gùn ju mítà 8 lọ. Pálọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Ohùn náà á kọ lu ògiri, á padà, á sì pàdé èyí tó ń bọ̀. Níbi tí wọ́n bá ti para pọ̀, béèsì á kún. Níbi tí wọ́n bá ti pa ara wọn, kò ní sí nǹkan kan.

Nínú yàrá tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 14, ohùn 41 Hz yẹn gan-an ló máa ń rọ jù ní àárín, tí ó sì máa ń pọ̀ jù lẹ́bàá ògiri. Àárín yẹn ni ọ̀pọ̀ wa sì ń gbé àga tìmùtìmù sí. Ògiri búlọ́ọ̀kù wa tún ń dá kún un, torí ó ń dá béèsì padà sínú yàrá ju ògiri fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Amẹ́ríkà lọ, èyí tó ń jẹ́ kí díẹ̀ nínú rẹ̀ sá jáde. Nítorí náà, ìyàtọ̀ àárín ìjókòó kan sí èkejì máa ń pọ̀ gan-an lọ́dọ̀ wa.

Ẹ gbé orin sí i, kí ẹ dìde, kí ẹ máa rìn díẹ̀díẹ̀ láti àárín yàrá lọ sí ọ̀dọ̀ ògiri ẹ̀yìn. Ẹ ó gbọ́ bí béèsì ṣe ń pọ̀ sí i. Nígbà mìíràn, kí a kàn ti àga sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ bàtà méjì ti tó.

Sípíkà fúnra rẹ̀ náà ń kọ́? Ẹ má ṣe gbé e sórí àpótí gíga tó jìnnà sí ògiri, kí ẹ wá máa retí béèsì. Ògiri máa ń ti béèsì lẹ́yìn, igun yàrá sì ń tì í jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá gbé e sún mọ́ igun, tí béèsì wá ń ró wùù bí ìgbà tí ènìyàn ń sọ̀rọ̀ nínú àgbá, ẹ fà á jáde díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi mọ́. Ẹ má sì há a sínú kọ́bọ́ọ̀dù tẹlifíṣọ̀n. Ihò tí ẹ rí lára àpótí sípíkà, ọ̀nà béèsì ni. Bí ó bá wà lẹ́yìn, ẹ fi àyè tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, ó kéré tán, sílẹ̀ láàárín rẹ̀ àti ògiri. Mo mọ̀ pé nítorí eku àti aáyán ni àwọn kan ṣe ń fi àkísà dí ihò yẹn. Nẹ́ẹ̀tì fèrèsé ni kí ẹ nà bò ó.

Ẹ má ṣe gba nọ́ńbà ara páálí gbọ́

PMPO tí wọ́n ń kọ gàdàgbà gadagba sára páálí, 5000 wáàtì, 10,000 wáàtì, kò ní ìlànà kan pàtó tí gbogbo ilé iṣẹ́ ń tẹ̀lé. Bó ṣe wu oníkálukú ló ń ṣírò rẹ̀. RMS, ìyẹn agbára tí ẹ̀rọ lè máa gbé jáde láìdáwọ́dúró, ni kí ẹ wá. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà padà, kí ẹ ka iye iná tí ó ń jẹ. Ẹ̀rọ tó ń jẹ 60 wáàtì lára iná kò lè máa gbé 5000 wáàtì jáde. Ibo ni yóò ti rí i?

Ọ̀rọ̀ wáàtì yìí náà ló fi yẹ kí a ṣọ́ra fún bọ́tìnnì béèsì. Láti fi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 3 (òun ni a fi ń wọn bí ohùn ṣe ròkè tó) kún béèsì, amplifier ní láti ṣiṣẹ́ ìlọ́po méjì. Bí ó bá jẹ́ dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 10, ìlọ́po mẹ́wàá ni. Bí ẹ bá ti yí béèsì dé òpin, tí ẹ tún wá gbé vólúùmù sókè, agbára rẹ̀ á tán, á bẹ̀rẹ̀ sí í gé orí ohùn. Ìyẹn ni ohùn fífọ́ tí ẹ ń gbọ́ yẹn. Tweeter, kékeré tó ń gbé ohùn tín-ín-rín, ló sábà máa ń kọ́kọ́ jó. Àwọn kan tilẹ̀ ń fi béèsì kún un lórí fóònù, wọ́n tún fi kún un lára ẹ̀rọ. Ibì kan ṣoṣo ni kí ẹ ti fi kún un, kí ó sì mọ níwọ̀n. Bí iná ilé bá ń ṣẹ́jú ní gbogbo ìgbà tí ìlù bá dún lórí jẹnẹrétọ̀ kékeré, a jẹ́ pé iná kò tó o ni. Ẹ rọra yí i wálẹ̀.

Ẹ má ṣe kó sípíkà jọ sórí ojú kan ṣoṣo pẹ̀lú. Ohm ni a fi ń wọn bí sípíkà ṣe ń dènà iná tó; bí ó bá ṣe kéré tó ni wàhálà amplifier ṣe ń pọ̀ tó. Méjì tó jẹ́ ohm 8, tí a bá so wọ́n pọ̀ pupa mọ́ pupa àti dúdú mọ́ dúdú, ohm 4 ni amplifier yóò rí. Mẹ́rin á di ohm 2, ọ̀pọ̀ amplifier ilé kò sì lè gbà á.

Ẹ má ṣe fi vólúùmù kékeré tàbí orin àtijọ́ dá ẹ̀rọ lẹ́jọ́

Bí ohùn bá wà nílẹ̀, etí ènìyàn kì í gbọ́ béèsì dáadáa. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì, Fletcher àti Munson, ti fi èyí hàn ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1933. Ìdí tí wọ́n fi ṣe bọ́tìnnì Loudness nìyẹn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lálẹ́ nígbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn, kí ẹ sì pa á bí ẹ bá gbé ohùn sókè. Àwo àpàlà Hárúnà Ìṣọ̀lá náà, bó ti wù kí agídìgbo inú rẹ̀ dùn tó, ohun èlò ìgbohùnsílẹ̀ ayé ìgbà náà kò gba béèsì tó jinlẹ̀ bíi ti òde òní. Ẹ fi orin tuntun dán ẹ̀rọ wò.

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí, tí woofer yín kò sì ju ínṣì 4 lọ, òótọ́ ni pé kò lè gbé 41 Hz bó ṣe yẹ. Ìgbà yìí ni owó lè jáde. Subwoofer, sípíkà tó wà fún béèsì nìkan, tó ní amplifier tirẹ̀ nínú ni kí ẹ rà, woofer ínṣì 8 tàbí 10. Ẹ gbé e sórí àga tí ẹ máa ń jókòó sí fún ìgbà díẹ̀, ẹ gbé orin sí i, kí ẹ wá máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kiri ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ibi tí béèsì bá ti kún, tí ó sì mọ́ létí yín, ibẹ̀ ni kí ẹ gbé e sí. Ẹ má ṣe yí bọ́tìnnì crossover rẹ̀, èyí tó ń pinnu ibi tí ohùn tó ń gbé ga mọ, lọ sókè fíofío, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ohùn ọkùnrin á máa ti inú rẹ̀ jáde. Nǹkan bí 80 Hz dára láti fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ gbé e sókè díẹ̀ bí sípíkà yín bá kéré gan-an. Bí súwíìṣì 0 àti 180, tó ń ṣiṣẹ́ bí ìgbà tí a pààrọ̀ wáyà pupa àti dúdú, bá wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹnìkan máa yí i nígbà tí ẹ̀yin wà lórí àga, kí ẹ fi í sí èyí tí béèsì rẹ̀ bá pọ̀ jù.