Bí mo ṣe múra àwọn ìbejì mi sílẹ̀ nílé láti gba Ara Olúwa

Láti ọdún 2020 tí wọ́n ti gbogbo ilé-ìwé pa nítorí kòrónà ni a ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa nílé, ní Kubwa níbí, ní Àbújá. Àkọ́bí wa nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń wọ yunifọ́ọ̀mù jáde láàárọ̀. Àwọn ìbejì, Táyé ọkùnrin àti Kẹ́hìndé obìnrin, orí tábìlì ìjẹun wa ni wọ́n ti mọ A, B, D. Ìdòwú tó tẹ̀lé wọn náà ti wà níbẹ̀ báyìí, ó ń fi ẹsẹ̀ gbá àga.

Ìṣirò kò bà mí lẹ́rù, sáyẹ́ǹsì kò bà mí lẹ́rù. Gbígba Ara Olúwa fún ìgbà àkọ́kọ́, búrẹ́dì tí àlùfáà àwa Àgùdà ń yà sí mímọ́ nínú Máàsì, ló bà mí lẹ́rù. Kíláàsì katikísímù ní ṣọ́ọ̀ṣì ni mo fi àkọ́bí sí nígbà tirẹ̀, ó sì há gbogbo ìdáhùn sórí ní Gẹ̀ẹ́sì láìṣi ẹyọ kan. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, a ń bọ̀ láti Máàsì lọ́jọ́ Sunday kan, ó bi mí pé, "Màmí, kí ni a máa ń tò lọ gbà níwájú yẹn gan-an?" Mi ò sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Mo sọ fún bàbá wọn pé tó bá kan àwọn ìbejì, èmi ni màá kọ́ wọn, Yorùbá ni màá sì fi kọ́ wọn, torí òun ni wọ́n fi ń bẹ̀bẹ̀, òun ni wọ́n fi ń sunkún.

Ọ̀dọ̀ Fadá ìjọ wa ni mo kọ́kọ́ lọ, ní oṣù kìíní ọdún 2025. Ẹ má ṣe fo èyí, ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀. Òfin Ìjọ Àgùdà, òfin 914, ní òbí ni iṣẹ́ yìí já lé léjìká ṣáájú, ṣùgbọ́n ó fi àlùfáà ìjọ kún un, òun ni yóò sì rí i pé ọmọ tí òye kò tíì yé kò wá síbi tábìlì Olúwa. Fadá gbọ́ tèmi títí, ó gbà. Ó ní kí àwọn ọmọ náà wá jókòó ti àwọn ẹgbẹ́ wọn ní kíláàsì fún oṣù méjì tó kẹ́yìn, kí wọ́n sì wá dáhùn ìbéèrè lọ́dọ̀ katikísì, olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, bíi ti gbogbo ọmọ. Ó béèrè káàdì ìrìbọmi wọn. Ìyá ọkọ mi ló ní in lọ́wọ́ ní Kábà. Ó di í sínú ọ̀rá, ó fi rán awakọ̀ wá sí gáréèjì Jabi. Màmá kò yé rán àwọn ọmọ létí lórí fóònù pé Kábà kan náà ni Kádínà John Onaiyekan, tó jẹ́ bísọ́ọ̀bù àgbà Àbújá títí di 2019, ti wá, kí wọ́n má dójú ti ìlú wọn.

Bàbá wọn bi mí bóyá ọmọ ọdún 8 kò tíì kéré jù. Mo sọ fún un pé títí di ọdún 1910, wọ́n máa ń mú ọmọ dúró di ọdún 10 tàbí 12, àní 14 níbòmíràn, kí Póòpù Pius X tó pàṣẹ pé bí ọmọ bá ti ní òye, ní nǹkan bí ọdún 7, kí wọ́n má dí i lọ́nà mọ́. Ohun tó béèrè ni pé kí ọmọ mọ ìyàtọ̀ láàárín oúnjẹ lásán àti Ara Kristi. Mo kọ gbólóhùn yẹn sí ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú ìwé tí mo ń kọ ẹ̀kọ́ sí, mo fàlà sí i nídìí.

Àdúrà la fi bẹ̀rẹ̀. Láàrín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ti mọ Bàbá Wa àti Mo Kí Ọ Màríà ní Yorùbá. Àmọ́ Táyé dá mi dúró lójú àdúrà lálẹ́ ọjọ́ kan: "Màmí, ẹ ní ká máa sọ 'ẹ' fún àgbà. Kí ló dé tí a ń sọ 'orúkọ Rẹ' fún Ọlọ́run?" Mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ. Bàbá wọn ló dá a lóhùn láti orí àga rẹ̀, ó ní "ẹ" jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe ènìyàn kan bí ẹni pé wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò ní ẹnì kejì, Ọ̀kan náà ṣoṣo ni. Táyé kò tíì gbà. Ó ní, "Jésù ńkọ́? Ẹ̀mí Mímọ́ ńkọ́?" Ọjọ́ kejì la wá ṣe ẹ̀kọ́ Mẹ́talọ́kan.

Ọ̀sán kan ní oṣù kejì ni èyí tí mi ò lè gbàgbé láéláé. Iná ti lọ, ooru mú, mo kó wọn wọ ilé ìdáná. Mo fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ohun tí Ìjọ ń lò. Fúláwà àlìkámà àti omi nìkan ni, láìsí íìsì, láìsí ṣúgà, láìsí iyọ̀. A pò ó, a tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, a yan án nínú agbada gbígbẹ. Ìdòwú bu díẹ̀ jẹ, ó tu ú sọ́wọ́, ó ní kò dùn. Mo ṣàlàyé pé fúláwà lásán ni ti orí tábìlì wa yìí, òun náà ló sì máa jẹ́ títí tí a ó fi jẹ ẹ́ tán. Nínú Máàsì, nígbà tí àlùfáà bá sọ ọ̀rọ̀ tí Jésù sọ lórí oúnjẹ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ikú Rẹ̀, ìgbà náà ni kì í ṣe búrẹ́dì mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bó ṣe rí ló rí lójú àti lẹ́nu.

Kẹ́hìndé, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ń fi ìka fa ìlà sínú fúláwà tó dà sílẹ̀. Ó ní, "Màmí, tí a bá ń jẹ Ẹ́, ṣé kì í dùn Ún?"

Mo fọ ọwọ́ mi, mo jókòó sórí àpótí. Mo ní, "Nígbà tí ẹ wà ní ìkókó, kí lẹ ń jẹ?"

"Ọmú."

"Níbo ló ti ń wá?"

"Lára yín."

"Oṣù 14 ni ẹ̀yin méjèèjì fi jẹ ẹ́, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, lóru, láàárọ̀. Ara mi lẹ jẹ dàgbà. Ó máa ń dùn mí nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá sùn, tí ẹ ò mu, ìyẹn ló máa ń dùn mí jù."

Kò fèsì. Ó mú aṣọ ìnuwọ́ mímọ́ kan lórí okùn, ó fi bo búrẹ́dì tó wà nínú àwo, bí mo ṣe máa ń bo oúnjẹ bàbá wọn.

Nígbà tí mo ròyìn fún Fadá, ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní ó dára, ṣùgbọ́n kí n fi kún un pé ara ìyá máa ń rù, Jésù tó ti jíǹde kì í dín kù, kò sì ní kú mọ́. Bí wọ́n bá bù ú sí wẹ́wẹ́, odindi Jésù ló wà nínú ìkọ̀ọ̀kan. Àbẹ́là ni mo fi ṣe ìyẹn lálẹ́. A tan mẹ́rin láti ara ọ̀kan, àwọn ọmọ sì ń wo ti àkọ́kọ́ bóyá iná rẹ̀ máa kéré.

Ní ọdún náà, ààwẹ̀ wa àti ti àwọn Mùsùlùmí pàdé. Oṣù kẹta bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ràmàdáánì, a sì gba eérú sórí láti fi bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ tiwa ní ọjọ́ 5 oṣù náà. Aládùúgbò wa, Alhaja tó jẹ́ ará Ìlọrin, ní ọmọ tó jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn ìbejì, ọmọ náà sì ń gbìyànjú ààwẹ̀ ọjọ́ díẹ̀díẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo kọ́ àwọn tèmi pé ẹni tó fẹ́ gba Ara Olúwa kò gbọ́dọ̀ jẹ, kò sì gbọdọ̀ mu ohunkóhun yàtọ̀ sí omi àti oògùn fún wákàtí 1 ṣáájú. "Wákàtí 1 péré?" ni Táyé wí. Ojú tì í nítorí ọmọ Alhaja. Ó ní láti alẹ́ lòun máa gbà á. Mo ní kó ṣe é láti ìgbà tó bá jí, kó má ṣe ju ara rẹ̀ lọ. Ó ṣe é, ó sì ń ṣe é di òní. Alhaja gbé mọ́sà ránṣẹ́ sí wa nírọ̀lẹ́, èmi náà gbé mọ́ínmọ́ín lọ.

Carlo Acutis ni ẹni mímọ́ tí àwọn ìbejì yàn láàyò. Ọmọkùnrin tí wọ́n bí ní London ní 1991, tó dàgbà ní Ítálì, tó gba Ara Olúwa ní ọmọ ọdún 7, tó fi kọ̀ǹpútà kó ìtàn iṣẹ́ ìyanu Ara Olúwa jọ, tí àrùn ẹ̀jẹ̀ pa ní ọmọ ọdún 15 péré. A ti fi ọjọ́ 27 oṣù kẹrin sórí kàlẹ́ńdà, ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ kéde rẹ̀ ní ẹni mímọ́. Ọjọ́ kejì Àjíǹde, ọjọ́ 21, Póòpù Francis papòdà, wọ́n sún un síwájú. Ẹkún ni Kẹ́hìndé sun fún Póòpù. Mo fi ẹ̀kọ́ ọjọ́ yẹn sílẹ̀, a ka rosary. Ní ọjọ́ 8 oṣù karùn-ún tí wọ́n yan Leo XIV ní Póòpù, àwọn ọmọ sáré káàkiri ọ̀ọ̀dẹ̀.

Oṣù yẹn náà ni mo ṣẹ̀ Kẹ́hìndé. Ẹ̀kọ́ ìjẹ́wọ́ la wà lórí rẹ̀, àdúrà ìrònúpìwàdà. Táyé mọ̀ ọ́n bí omi. Kẹ́hìndé ń ta kókó níbì kan náà, ìgbà ẹ̀ẹ̀kẹrin, ìgbà ẹ̀ẹ̀karùn-ún. Ó rẹ̀ mí, ìrẹsì ń jóná, mo lu tábìlì, mo ní, "Ṣé o ò rí ìkejì rẹ ni? Ṣé inú kan náà kọ́ lẹ ti jáde?" Ó dìde jẹ́ẹ́, ó lọ sẹ́yìn táńkì omi. Mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ojú fèrèsé, bàtà ẹsẹ̀ òsì ti bọ́.

Mo pa iná ìrẹsì. Ó ṣòro fún mi láti rìn débẹ̀, nítorí wọn kò tọ́ mi dàgbà pé ìyá ń bẹ ọmọ. Mo kúnlẹ̀ sí orí kọnkéré, mo ní, "Kẹ́hìndé, mo fi ọ́ wé ẹlòmíràn, mo sì pariwo mọ́ ọ. Kò dára. Ó dùn mí pé mo ṣe é. Dákun, foríjì mí." Ó wò mí pẹ́. Ó ní, "Màmí, ẹ dìde. Mo ti foríjì yín." Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó béèrè pé, "Ṣé ohun tí wọ́n ń ṣe nínú ìjẹ́wọ́ nìyẹn?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ Ọlọ́run fúnra Rẹ̀ ló ń dárí jì wá níbẹ̀ láti ẹnu àlùfáà. Ó ní, "Ṣé ẹ máa sọ tòní yìí?" Mo ní màá sọ ọ́. Láti ọjọ́ náà, kò ta kókó mọ́ nínú àdúrà yẹn.

Aṣọ funfun kò gbà wá lákòókò, aránṣọ tó wà nítòsí ọjà Kubwa rán méjèèjì láti ara àlà kan. Katikísì bi wọ́n ní ìbéèrè ní Gẹ̀ẹ́sì. Ti Táyé yá. Ó bi Kẹ́hìndé pé kí ni ó máa gbà lọ́jọ́ Sunday, ọmọ náà dákẹ́ títí tí àyà mi fi ń já, ó wá dá a lóhùn ní Yorùbá pé, "Jésù ni. Kì í dín kù." Katikísì jẹ́ ọmọ Tiv, kò gbọ́. Ó wo Fadá, Fadá túmọ̀ rẹ̀ fún un, ó sì fi àmì sí i.

Ọjọ́ Sátidé, 21 oṣù kẹfà, a tò fún ìjẹ́wọ́. Kẹ́hìndé ní kí Táyé kọ́kọ́ wọlé, gẹ́gẹ́ bó ṣe rán an wá tọ́ ayé wò níjọ́sí. Lẹ́yìn tirẹ̀ ni òun wọlé, lẹ́yìn òun ni èmi. Mo jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn táńkì. Nígbà tí mo jáde, wọ́n ti fi àyè sílẹ̀ fún mi láàárín wọn lórí bẹ́ńṣì.

Ọjọ́ kejì ni ọdún Ara àti Ẹ̀jẹ̀ Kristi. Wọ́n gba Ara Olúwa, wọ́n padà sí àyè wọn, wọ́n kúnlẹ̀. Kẹ́hìndé fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Ní ilé, a jẹ ìrẹsì àti adìyẹ, Alhaja wá kí wa, àwọn ará ilé ya fọ́tò.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ilẹ̀ kò tíì mọ́, mo gbọ́ ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn yàrá wa. Kẹ́hìndé ni. Ó ti wọ bàtà. Ó ní, "Màmí, ṣé Máàsì wà lónìí?" Mo ní ó wà. Ó ní, "Mi ò tíì jẹ nǹkan kan." Mo wá ìborùn mi, a jáde.